Obìnrin Tí Wọ́n Fi Pààrọ̀ Aṣọ́lé

Ní ìlú Wadlow, níbi tí òjò dídì ti máa ń ká àwọn èèyàn mọ́ oko kí wọ́n tó wú ànàmọ́ wọn tán, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Dokia Hrynkiw. Opó ni, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin. Láyé rẹ̀ kò wọ bàtà onírin rí, kò fi ọ̀pá gbá róbà dúdú rí lórí yìnyín. Bí wọ́n bá ní kó wá wo họ́kì, ìbọ̀sẹ̀ tó ń hun ló máa ń wò. Síbẹ̀, mú Dokia kúrò ní Wadlow, kí o wò ó bóyá họ́kì kankan á ṣẹ́kù níbẹ̀.

Iṣẹ́ ibùsùn ni iṣẹ́ rẹ̀. Ìlú méjìlá ló wà nínú líìgì àwọn ọ̀dọ́, kálukú pẹ̀lú ẹgbẹ́ tirẹ̀. Àwọn tó ń gbá a, láti ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún títí dé ogún ni wọ́n. Ẹni tó bá ti lé lógún, wọ́n á kí i pé ó dàbọ̀, kó lọ wá iṣẹ́ ṣe tàbí kó lọ bá àwọn àgbà gbá tiwọn. Nínú ọmọ mẹ́tàlélógún tí Wadlow ní, mẹ́ta péré ni ọmọ ìlú. Àwọn yòókù, ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti wá, ẹlòmíràn fi odindi ọjọ́ kan jókòó nínú bọ́ọ̀sì, pẹ̀lú àpò tó tóbi ju ẹni tó gbé e lọ. Ẹgbẹ́ ò ní ilé tí yóò kó wọn sí. Àwọn ará ìlú ló ń gbà wọ́n sílé tí wọ́n ń bọ́ wọn, Dokia ló sì ń sọ ilé tí kálukú máa wọ̀.

Kì í kọ ọ́ sílẹ̀. Orí ló ń kó gbogbo rẹ̀ sí. Ọmọ tó bá ń sọ̀rọ̀ lójú oorun, ilé Baba Skaar tí etí rẹ̀ ti di ló ń rán an lọ. Èyí tí kì í jẹ ẹ̀fọ́, ó di ilé nọ́ọ̀sì. Èyí tí àárò ìyá rẹ̀ ń sọ, ó di ilé tí ọmọ kéékèèké mẹ́rin wà, kó má baà ráyè sunkún. Àwọn tí kò ríbi lọ, ilé òun fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀, ọdún kẹrìndínlọ́gbọ̀n rèé.

Lọ́dún tí à ń wí yìí, oṣù kìn-ín-ní ti pé ọjọ́ mẹ́jọ. Ó ku ọjọ́ méjì kí líìgì ti ilẹ̀kùn pàṣípààrọ̀, kí ìlú kankan má lè fi ọmọ gba ọmọ mọ́. Ọjọ́ yẹn gan-an ni aṣọ́lé Wadlow yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn ilé ìfìwéránṣẹ́, tí eegun ọrùn ọwọ́ rẹ̀ kán. Ẹni tó ti ń dúró lórí yìnyín láti oṣù kẹsàn-án, lẹ́tà ló lọ gbà tó fi ṣubú.

Lorne Fehr ni ọ̀gá ẹgbẹ́ náà. Bí kò bá sí nídìí họ́kì, katakata ló ń tà. Ó gbé fóònù, ó pe ìlú Pelchat, tó jẹ́ ìrìn wákàtí kan sí wọn. Pelchat ní aṣọ́lé méjì, ọ̀kan nínú wọn, Anselm Dubetz, sì ti sú wọn. Wọ́n ní bí róbà bá ń bọ̀, ńṣe lọmọ náà ń dijú. Lorne fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní ọmọ tó lè fi sílẹ̀. Ló bá ṣe ohun tí gbogbo wọn máa ń ṣe: ó kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé kí oṣù tó parí, Pelchat á bèèrè ohun kan tó bá wù wọ́n, Wadlow ò sì ní kọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kì í dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Wọ́n ti fi bèèrè ọ̀pá họ́kì rí. Wọ́n ti fi bèèrè ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ìlú kan tilẹ̀ fi bèèrè fèrè ńlá tí wọ́n ń fọn nígbà tí góòlù bá wọlé, ó wá di pé ọdún méjì gbáko ni àwọn tó ni ín fi ń fẹnu pariwo.

Ilé Dokia ni wọ́n mú Anselm wá. Ó ga débi pé ó ní láti bẹ̀rẹ̀ kó tó wọ ilé ìdáná. Kò lò tó ọ̀sẹ̀ kan tí róbà fi kọ̀ tí kò kọjá lára rẹ̀ mọ́. Wọ́n gbá eré mẹ́ta, góòlù méjì péré ló wọlé. Dokia bi í nídìí oúnjẹ pé kí ló dé tí wọ́n fi ní kò wúlò.

“Ehoro ni, Màmá,” ni Anselm wí. “Yàrá tí wọ́n fi mí sí ní Pelchat, ehoro mọ́kànlá ló wà níbẹ̀. Irun wọn ń mú mi sín. Tí mo bá sì ti ń sín, mi ò lè la ojú.”

“O ò sọ fún ẹnì kankan?”

“Mo sọ. Wọ́n ní àwọn ehoro ló kọ́kọ́ débẹ̀.”

Dokia bu ọbẹ̀ sí i fún un.

Oṣù ku ọjọ́ mẹ́ta kó parí nígbà tí Lorne wọlé tọ Dokia wá. Ó bá a níbi tó ti ń di pirogi, ó ń gé ìyẹ̀fun pípò ní róbótó, ó ń fi ànàmọ́ gígún sínú rẹ̀, ó ń tẹ etí rẹ̀ pọ̀. Anselm jókòó sí ìkángun tábìlì, ó ń jẹ àwọn tó ti jinná.

“Ẹ káàsán, Mà.”

“Bọ́ bàtà ẹ, Lorne. Kí ló dé tí o dúró bí ẹni tó fọ́ fèrèsé?”

“Pelchat ti bèèrè ohun tí wọ́n fẹ́.”

“Ẹ fún wọn, kí ara tù yín. Kí ni wọ́n fẹ́?”

Lorne gbójú sókè àjà. “Ẹ̀yin ni, Mà.”

Dokia di pirogi méjì sí i kó tó dáhùn. “Èmi wo?”

“Dokia Hrynkiw. Wọ́n kọ orúkọ yín pé pérépéré. Wọ́n kọ ọjọ́ ìbí yín sí i.”

“Ta ló sọ ọjọ́ ìbí mi fún wọn?”

“Mà, ìyẹn kọ́ ló wà nílẹ̀.”

“Ohun tó wà nílẹ̀ fún èmi nìyẹn. Kí ni wọ́n fẹ́ fi arúgbó ṣe?”

Lorne ṣàlàyé. Láti oṣù kejìlá, ọmọ mẹ́rin ti di ẹrù wọn kúrò ní Pelchat lọ sílé, nítorí wọn ò rí oorun sùn. Verna Toews, ọ̀gá ẹgbẹ́ wọn, ti wá rí ohun tí Anselm dà láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ó ní kì í ṣe aṣọ́lé lòun pàdánù, obìnrin tó ń tẹ́ ibùsùn fún un ni òun ì bá ti ní látilẹ̀.

“Wọn ò lè bèèrè ẹ̀rọ ìfọṣọ?”

“Tiwọn ṣì ń ṣiṣẹ́.”

“Bí mo bá ní mi ò lọ ńkọ́?”

“Pàṣípààrọ̀ bàjẹ́ nìyẹn. Wọ́n á mú Anselm padà.”

“Sínú ehoro mọ́kànlá?”

“Mo gbọ́ pé wọ́n ti di mẹ́rìnlá.”

Anselm dáwọ́ jíjẹ dúró. Pirogi kan wà lẹ́nu rẹ̀, kò gbé e mì, kò tu ú. Dokia wò ó. Ó ro ilé rẹ̀, ó ro àwọn ọmọ méjì mìíràn tó ń sùn lókè, ó ro ibojì ọkọ rẹ̀ tó ń lọ gbọn òjò dídì kúrò lórí rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Ó nu ọwọ́ sára aṣọ ìdáná.

“Wá gbé mi lọ lọ́jọ́ Sátidé,” ló wí fún Lorne. “Má sì pẹ́.”

Dokia ò ka ìwé òfin líìgì tán rí, ṣùgbọ́n ó mọ òfin kan nínú rẹ̀ dáadáa, nítorí òun ló ń yọ wọ́n lẹ́nu títí wọ́n fi kọ ọ́. Òfin náà ní, ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá pààrọ̀, ìlú tó gbà á gbọ́dọ̀ fún un ní ilé tó tẹ́ ẹ lọ́rùn kí ilẹ̀ ọjọ́ tó dé tó ṣú. Bí wọn ò bá rí i fún un, kó máa padà síbi tó ti wá, ẹni tí wọ́n fi gbà á ò sì ní kúrò níbi tó wà.

Verna ti dúró dè wọ́n níwájú pápá yìnyín Pelchat, pẹ̀lú òdòdó àti jákẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́. Wọ́n ran orúkọ Dokia sí ẹ̀yìn jákẹ́ẹ̀tì náà, wọ́n sì fún un ní nọ́ńbà: méjìdínláàádọ́rin.

“Ẹ káàbọ̀ sílé, Mà.”

“Mi ò tíì délé. Ibùsùn mi dà?”

Ilé Verna ni wọ́n kọ́kọ́ wọ̀. Dokia dùbúlẹ̀ gbalaja lórí bẹ́ẹ̀dì, ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì, ó dìde. “Ó dáa fún ọmọ. Ta ni ẹ̀yìn ń dùn nínú àwọn ọmọ yín?”

“Ọmọ Lindqvist ni, ó wà lórí àga gígùn nílé oníbúrẹ́dì.”

“Lọ pè é wá. Ibí ló máa sùn.”

“Ẹ̀yin ńkọ́?”

“Ẹ jẹ́ ká máa wò ó lọ.”

Ní ilé tíṣà, Dokia ṣí fíríìjì, ó bá músítádì ìgò mẹ́ta, kò bá ẹyin kan. Ó kó àwọn ọmọ méjì tó wà níbẹ̀ jáde. Ìgbà tí wọ́n dé ilé ehoro, kò bá ehoro kankan jà, ó kí wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ kan wà láàárín wọn tí ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, tí imú rẹ̀ ń ṣàn.

“Ìwọ ni aṣọ́lé tó kù?”

“Èmi ni… hátíṣọ̀… Mà.”

“Gbé àpò ẹ.”

Bí wọ́n ṣe ń lọ nìyẹn. Ilé tó bá dáa, Dokia á fi ọmọ kan sí i. Ilé tí kò dáa, á kó ọmọ kúrò níbẹ̀. Ó bá ìyá arúgbó kan tó ní yàrá mẹ́ta tí kò sẹ́ni tó bi í léèrè rí. Ọmọ mẹ́ta wọlé síbẹ̀. Lorne ń wakọ̀, Verna ń kọ orúkọ, àwọn ọmọ tó gbé àpò sì tò tẹ̀lé wọn lẹ́yìn nínú òjò dídì bí ọmọ pẹ́pẹ́yẹ. Ọmọ mẹ́sàn-án ló ti ríbi tuntun sùn nígbà tí oòrùn ń wọ̀.

Verna ti pa ìwé rẹ̀ dé kó tó yé e. “Mà, kò sí ilé tó kù.”

“Áà. Ó ṣe.”

“Ẹ ti ṣe wá.”

“Kí ni mo ṣe? Gbogbo ọmọ yín ti ríbi sùn. Èmi nìkan ni kò ríbi.”

“Yàrá kan ti ṣófo nílé ehoro.”

“Òfin ní kó tẹ́ mi lọ́rùn. Kò tẹ́ mi lọ́rùn.”

Verna wo oòrùn, ó wo Dokia, ó mú fọ́ọ̀mù jáde, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n dá a padà nítorí àìsí ibùsùn. Ó buwọ́ lù ú. Ó ní kí ó kúkú máa mú jákẹ́ẹ̀tì náà lọ, kò sí ẹlòmíràn tí wọ́n lè fún ní nọ́ńbà yẹn.

Nínú ọkọ̀, Lorne yíjú sí Dokia.

“Mà, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa bá wọn gbá a.”

“Ẹ gbá a.”

“Aṣọ́lé wọn ò ní sín mọ́.”

“Kó má sín. Ìyá tiẹ̀ náà wà níbì kan. Wo ọ̀nà níwájú ẹ.”

Ìgbà tí Dokia ṣílẹ̀kùn, Anselm ló bá tó jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ó ti wọ aṣọ òtútù, ó ti di gbogbo ẹrù rẹ̀, ó gbé àpò lé ẹsẹ̀ kan, ó gbé odindi ìkòkò kábéèjì tí Dokia fi di ẹran àti ìrẹsì lé ẹsẹ̀ kejì.

“Níbo lò ń lọ?”

“Pelchat, Màmá. Ilẹ̀ ti ṣú, mo rò pé ẹ ti wà lọ́hùn-ún, pé ẹ wo ilé wọn títí tí ẹ fi gba ọ̀kan. Mo wá ní kí n tẹ̀lé yín.”

“Ìkòkò yẹn ńkọ́?”

Anselm wo ìkòkò náà bí ẹni pé ẹlòmíràn ló gbé e ka ẹsẹ̀ rẹ̀. “Mo rò pé ebi á máa pa yín.”

“Bọ́ aṣọ yẹn,” ni Dokia wí. “Gbé àpò padà sókè. Gbé ìkòkò padà sórí iná. Mélòó lo ti jẹ níbẹ̀?”

“Mẹ́rin.”

Dokia ṣí ìdérí. Ó kà wọ́n.

“Mẹ́jọ,” ni Anselm wí.