Òróró Àdúrà Lára Gíláàsì Mọ́tò Pásítọ̀

Inú ń bí mi gidigidi!

Ọta ìbọn ló sán gíláàsì iwájú mọ́tò Ítálì pásítọ̀ wa. Nínú ogun Monrovia yìí, ṣọ́jà Nàìjíríà kan tó wá pẹ̀tù síjà bá wa gbé òmíràn wá láti Èkó. Ẹyọ kan ṣoṣo!

Mo ní ká pe Alhaji tó ń ṣe gíláàsì mọ́tò ní Clara Town níbí.

Pásítọ̀ ní, "Rárá o. Iṣẹ́ ìjọ, ọmọ ìjọ ní í ṣe é."

Ọmọ ìjọ ọ̀hún, fèrèsé ilé ló ń ṣe!

Kí ọmọ ìjọ náà tó kun gọ́ọ̀mù, pásítọ̀ fi òróró àdúrà pa etí gíláàsì náà yí po.

Mo pariwo: "Dádì, gọ́ọ̀mù ò ní mú lórí òróró!"

Pásítọ̀ ní kó kun gọ́ọ̀mù, kó lẹ gíláàsì náà mọ́ mọ́tò.

Bí mọ́tò ṣe gbéra báyìí, gíláàsì bọ́ sílẹ̀, ó fọ́ sí wẹ́wẹ́.

Pásítọ̀ wá kọjú sí mi: "Ẹnìkan wà láàárín wa tí kò nígbàgbọ́."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Èmi ni mi ò nígbàgbọ́ ni, àbí gọ́ọ̀mù?