Fọ́tò Àwọn Ará Ìsàlẹ̀

Ọgbọ̀n ọdún ó lé mẹ́ta ni Àǹtí Òkùnkùn fi ṣiṣẹ́ nínú yàrá tí iná kì í tàn. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ náà bà yín lẹ́rù o, obìnrin jẹ́jẹ́ ni. Ilé fọ́tò kan ló ti ń bá wọn fọ fíìmù láyé àtijọ́, nínú yàrá ẹ̀yìn níbi tó jẹ́ pé bí ìmọ́lẹ̀ bá yọjú ní ìṣẹ́jú kan péré, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ti bàjẹ́ nìyẹn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń jókòó níwájú, tí wọ́n ń bá oníbàárà ṣẹ̀fẹ̀, ni wọ́n sọ ọ́ lórúkọ yẹn, ó sì mọ́ ọn lára ju èyí tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ lọ. Ojú ìdajì ìlú ló ti ọwọ́ rẹ̀ kọjá nínú omi: ìyàwó ọ̀ṣìngín, ọmọ tuntun, ọmọ iléèwé tó dijú nígbà tó yẹ kó lajú. Ó mọ̀ wọ́n dáadáa. Àwọn ni kò mọ̀ ọ́n. Bó bá pàdé wọn lójú pópó, á fẹ́ kí wọn, á wá rántí pé wọn ò mọ ibi tí òun ti mọ̀ wọ́n, á sì panu mọ́.

Nígbà tí gbogbo ayé di oníṣẹ́ fọ́tò pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, ilé fọ́tò náà kógbá sílé. Ọkọ Àǹtí ti kú ṣáájú ìgbà náà. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí ń gbé òkèèrè pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀. Ó wá ku Àǹtí nìkan nínú yàrá méjì lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó ń gbá ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò dọ̀tí, ó ń fọ abọ́ kan àti ṣíbí kan.

Lọ́jọ́ kan ni wọ́n gbé páálí méjì wá fún un. Ẹ̀rọ tó ń tẹ fọ́tò ló wà nínú èyí ńlá, irú èyí tó ń fọ́n yíǹkì sórí bébà dídán. Nínú ìkejì, àpótí kékeré kan ni, kò ju ike ọṣẹ lọ, iná mẹ́ta wà níwájú rẹ̀. Kò pẹ́ ni ọmọ rẹ̀ pè é.

"Màámi, ṣé ẹ ti rí wọn? Èyí kékeré yẹn ni wọ́n ń pè ní sáfà. Òun ló máa gba iṣẹ́ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé yín, táá gbé e fún ẹ̀rọ. Tí mo bá ti tẹ fóònù níbí, ọ̀dọ̀ yín ni fọ́tò máa jáde sí. Ọmọ-ọmọ yín á máa wá kí yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀."

"Ta ló máa so ó pọ̀?"

"Ẹ̀yin náà ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣiṣẹ́ nínú òkùnkùn fún odidi ọgbọ̀n ọdún, ṣé èyí tẹ́ ẹ máa ṣe lójúmọmọ ló máa ṣòro fún yín?"

Wọ́n ní ẹni tó mọ èèyàn í pọ́n ló ń rí i rán níṣẹ́. Orí Àǹtí wú, ó fi awò sójú, ó tẹ́ ìwé àlàyé sílẹ̀. Ọjọ́ kan àtààbọ̀ ló fi bá a jà. Ó ki yíǹkì mẹ́fà bọ ẹ̀rọ lẹ́nu, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀. Ó fi wáyà kan so àpótí mọ́ ìdí ẹ̀rọ, ó fi òmíràn so ó mọ́ ojú ihò ara ògiri tí onílé ti fa nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọlé fún gbogbo ayálégbé. Iná méjì tàn dáadáa, ẹ̀kẹta ń pọ́n. Ó tú u, ó tún un so. Ó bẹ̀ ẹ́, ó bú u, ó lọ mu omi, ó padà wá bá a. Ìgbẹ̀yìn ló rí i pé orí wáyà kan ni kò wọlé tán. Òótọ́ ni pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ṣùgbọ́n ti wáyà yìí, àfi kéèyàn tì í.

Ó wá ku ìbéèrè kan lójú fóònù rẹ̀: ta ni kó láṣẹ láti lo ẹ̀rọ yìí? Ìdáhùn méjì ló wà níbẹ̀ kó mú ọ̀kan. Èkíní ni "Gbogbo ẹni tó wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì." Èkejì ni "Èmi nìkan."

Àǹtí wo èkejì títí. Èmi nìkan kẹ̀? Òun tó ń dá jẹun, tó ń dá sùn, tó ń dá kí ara rẹ̀ káàárọ̀, ṣé òun náà ni yóò tún wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń ṣàdúrà fún un? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Àti pé ọmọ tí wọ́n bá kọ́ dáadáa nílé kì í la ẹnu sọ pé èmi nìkan. Ó tẹ "Gbogbo ẹni." Inú rẹ̀ dùn bó ṣe tẹ̀ ẹ́, bí ẹni tó ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún àlejò. Kò rántí pé gbogbo ayálégbé inú ilé náà ló wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, fọ́tò ọmọ-ọmọ rẹ̀ méjì jáde. Lọ́sẹ̀ kejì, ẹyọ kan. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ọmọ rẹ̀ ní, "Iṣẹ́ ló pọ̀, Màámi, ẹ má bínú." Ọ̀sẹ̀ kẹrin, kò sí fọ́tò, kò sí àlàyé. Àǹtí kò ṣàròyé. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́, ó mọ òwe náà, kò kàn mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ariwo ni. Ní àràárọ̀ ló ń nu eruku ara ẹ̀rọ náà, yálà eruku wà níbẹ̀ tàbí kò sí.

Ọ̀sán Sátidé kan báyìí ni ẹ̀rọ dédé wúkọ́. Àǹtí ju aṣọ tó ń fún sílẹ̀, ó sáré wọlé pẹ̀lú ọwọ́ tútù. Bébà ń jáde díẹ̀díẹ̀: irun, iwájú orí, ojú. Kì í ṣe ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ọmọkùnrin kan ni, bí ọmọ ọdún márùn-ún, eyín iwájú rẹ̀ kan ti yọ, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ bàtà bàbá rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jogún. Àǹtí pe ọmọ rẹ̀.

"Èmi kọ́ o, Màámi. Mi ò tíì fi nǹkan kan ránṣẹ́." Ó tún ní, "Màá fi ránṣẹ́ lọ́la."

Lọ́jọ́ kejì, méjì jáde, wọn kì í ṣe ti ọmọ rẹ̀. Ọmọ tí eyín rẹ̀ yọ yẹn náà ni, ó sùn lọ pẹ̀lú ṣíbí lẹ́nu. Òun náà ni lórí èjìká bàbá rẹ̀, ẹni tó yà á sì ti gé orí bàbá kúrò pátápátá. Àǹtí pòṣé sí ìyẹn. Ó fi pẹ́ńsùlù kọ ọjọ́ sẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe ń ṣe níbi iṣẹ́ rẹ̀. Fọ́tò kẹfà ló tú àṣírí: ilẹ̀kùn aláwọ̀ aró kan wà níbẹ̀, àti ẹ̀rọ omi tí wọ́n fi àkísà dì lọ́rùn. Àǹtí dìde lọ sójú fèrèsé, ó wo ìsàlẹ̀. Ilẹ̀kùn aró nìyẹn. Àkísà nìyẹn, omi sì ń kán lára rẹ̀.

Àwọn ará ìsàlẹ̀ ni. Tọkọtaya kan àti ọmọ wọn, kò tíì pé ọdún kan tí wọ́n kó dé. Wọ́n ń jáde ní ìdájí, wọ́n ń wọlé nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú fóònù létí. Bí wọ́n bá kọjá lára rẹ̀, wọ́n á ní, "Ẹ káalẹ́ mà," kó sì tó dáhùn, ẹ̀yìn wọn ló máa rí. Ẹ̀rọ bíi tirẹ̀ gan-an ni wọ́n rà, orúkọ kan náà ni méjèèjì ń jẹ́ lójú fóònù, tirẹ̀ ló sì ń kọ́kọ́ yọjú nítorí kì í pa á.

Àtẹ̀gùn mẹ́rìnlá péré ló wà láàárín wọn. Ó yẹ kó sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kò sọ̀ kalẹ̀. Mi ò ní gbèjà rẹ̀. Ohun tí kì í ṣe tìẹ tí o mọ olówó rẹ̀ tí o sì pa mọ́, orúkọ kan ṣoṣo ló ní. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú rẹ̀: bó bá sọ fún wọn, wọ́n á tún un ṣe, ẹ̀rọ náà á sì tún dákẹ́. Kò lè fara da kí ó tún dákẹ́.

Báyìí ló ṣe bá ọmọ náà dàgbà fún oṣù méjì. Ó mọ ọjọ́ tí eyín kejì yọ. Ó mọ bàtà òjò pupa tí kì í fẹ́ bọ́, àti àpá orókún tó san lẹ́yìn fọ́tò mẹ́ta. Tó bá ń jẹun, ó máa ń to méjì tàbí mẹ́ta síwájú abọ́, á máa bá ọmọ náà wí pé kó jókòó dáadáa.

Ní ìsàlẹ̀, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Fèrèsé ló gbé e wá bá a.

"Mo ní mo tẹ̀ ẹ́!" Ìyàwó nìyẹn. "Fóònù ní ó ti jáde!"

"Níbo ló jáde sí? Sínú afẹ́fẹ́?"

Àǹtí wà lókè, fọ́tò náà ń gbóná lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n gbé ẹ̀rọ wọn lọ fún ẹni tó ń tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀gbẹ́ni náà ní kò sóhun tó ṣe é, ọkọ ní gbájú-ẹ̀ ni. Lọ́jọ́ Àìkú kan, ohùn ìyàwó yí padà.

"Bóyá èmi ni mi ò mọ nǹkan í ṣe. Mo fẹ́ ṣe ìwé fọ́tò fún un kó tó bẹ̀rẹ̀ iléèwé. Ó ku ọ̀sẹ̀ kan báyìí. Mi ò rí ẹyọ kan lẹ̀ mọ́ ọn."

Àǹtí kò lè jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán lọ́jọ́ náà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, òun sì nìyí, òun gan-an ló ń wọ́ ọ.

Síbẹ̀, ìdájọ́ ara rẹ̀ kò tó láti gbé e dìde. Fọ́tò ló gbé e dìde. Ó jáde lọ́sàn-án ọjọ́ kejì: ọmọ náà lórí kẹ̀kẹ́ kékeré, ìmọ́lẹ̀ dára, wọn ò gé orí ẹnikẹ́ni. Àǹtí fẹ́ yìn ín. Ojú rẹ̀ wá bọ́ sórí nǹkan kan lókè, lójú fèrèsé ẹ̀yìn ọmọ náà. Arúgbó kan wà níbẹ̀, ó fi ọwọ́ kan fa kọ́tìnì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, ó ń wo ọmọ ọlọ́mọ bí ẹni tó ń wo abọ́ ọlọ́bẹ̀. Ta ni ìyá yìí tó ba iṣẹ́ dáadáa jẹ́? Kọ́tìnì ló kọ́kọ́ dá mọ̀.

Ó sunkún. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, ó sunkún títí imú rẹ̀ fi dí. Lẹ́yìn náà ó bọ́jú, ó to fọ́tò mọ́kànlélọ́gbọ̀n bí ọjọ́ wọn ṣe tẹ̀ léra, kò yọ ẹyọ kan sílẹ̀, ó kó wọn sínú àpò lẹ́tà, ó sì sọ̀ kalẹ̀.

Ìyàwó ló ṣílẹ̀kùn.

"Ẹ káàsán mà."

"Káàsán, ọmọ mi. Fọ́tò yín ló wà lọ́wọ́ mi. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń jáde sí. Ó ti tó oṣù méjì. Ó yẹ kí n ti sọ fún yín, mi ò sọ ọ́."

Ìyàwó náà kò gbọ́ ju gbólóhùn kìíní lọ. Ó ti já àpò gbà, ó ti figbe ta, ó ti ń pe ọkọ rẹ̀. Wọ́n tú fọ́tò dà sórí tábìlì, wọ́n ń já a gbà mọ́ra wọn lọ́wọ́, ọmọ náà gun àga láti wo ara rẹ̀. Ọkọ gbé fóònù, ó wò ó, ó lu orí ara rẹ̀. "Méjì ló wà níbí! Orúkọ kan náà!" Ó tẹ èkejì, ẹ̀rọ tiwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò gbà wọ́n ní ìṣẹ́jú méjì. Àǹtí dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ti múra sílẹ̀ fún èébú, ó tiẹ̀ ti pinnu ohun tóun máa fi bẹ̀bẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò bú u. Ẹnikẹ́ni kò béèrè ìdí tó fi dákẹ́.

Ìyàwó wá kan èyí tó kẹ́yìn.

"Ẹ wo bó ṣe dára! Ṣùgbọ́n ta ni màmá tó wà lójú fèrèsé yìí?"

Ọkọ gbà á, ó gbé e sún mọ́jú. "Mi ò mọ̀ wọ́n. Ṣé òkè ilé wa níbí nìyí?"

"Èmi ni," Àǹtí wí.

Àwọn méjèèjì yíjú sí i, ó sì jọ pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ìyàwó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ha! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú mà! Ẹ̀yin lẹ wà lókè? Ṣé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá ni?"

Ọdún mẹ́tàdínlógún ni Àǹtí ti ń gbé lókè ilé náà. Lọ́jọ́ tí àwọn wọ̀nyí ń kó ẹrù wọlé, òun ló di ilẹ̀kùn ìta mú kí àga wọn lè ráàyè kọjá, ọkọ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ìyàwó náà, ó rí i bí ìtìjú ṣe ń gun ojú rẹ̀, àánú rẹ̀ sì ṣe é.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó ní. "Mi ò tíì pẹ́."

Ara ìyàwó náà wálẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ káàbọ̀ o, mà," ó ní. "Ẹ káàbọ̀ sílé wa."

Àǹtí dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.