Ẹ̀fọ́ àti Wàrà Màmá Ṣíílà

Mílíìkì ru dànù sórí sítóòfù mi láìpẹ́ yìí, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo ilé kan. Ẹni tí mílíìkì bá ti jóná lójú rẹ̀ rí mọ òórùn náà: ó dùn díẹ̀, ó korò díẹ̀, ó sì máa ń pẹ́ lára aṣọ. Mo dúró ti ìkòkò náà pẹ̀lú ìgbákọ lọ́wọ́, mi ò sì rántí pé ó yẹ kí n pa iná. Àkúrẹ́ ni mo wà, nínú ilé tí èmi àti ìyàwó mi kọ́, ṣùgbọ́n lójú mi, orí àtẹ̀gùn ilé bàbá mi l'Óǹdó ni mo dúró sí, mo sì tún jẹ́ ọmọdé.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ̀ pé ìgbà kan wà tí àwọn ará Íńdíà ń kọ́ni nílé-ìwé girama káàkiri ìlú wa. Ọ̀kan nínú wọn, olùkọ́ ìṣirò, gba yàrá lókè ilé bàbá mi. Ìyàwó rẹ̀ ni à ń pè ní Màmá Ṣíílà, nítorí Ṣíílà ni ọmọ wọn ń jẹ́. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n, irun wọn gùn dé ìbàdí, wọn a sì máa ká etí aṣọ gígùn wọn mọ́ ìdí bí wọ́n bá fẹ́ dáná. Yorùbá tí wọ́n gbọ́, ti Oǹdó paraku ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dé Àkúrẹ́, wọ́n padà wá sọ fún ìyá mi pé àánú àwọn ará ibẹ̀ ṣe àwọn, wọn kò gbọ́ Yorùbá.

Amúnútutù ń fà mọ́ ọgbà ẹ̀yìnkùlé wa nígbà náà. A kì í fi bẹ́ẹ̀ kà á sí, àfi bí ẹ̀fọ́ mìíràn bá wọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí Màmá Ṣíílà rí i, wọ́n pàtẹ́wọ́ bí ẹni tó pàdé ará ilé lẹ́yìn odi. Láti ọjọ́ náà, Sátidé kan kì í kọjá kí wọ́n má já a. Wọn a bọ̀ ọ́, wọn a da omi tútù lé e, wọn a wá lọ̀ ọ́ lórí ọlọ ìyá mi títí yóò fi kúnná. Wọn a yọ́ bọ́tà, wọn a din àlùbọ́sà, aáyù, atalẹ̀, àti èso kékeré kan tí wọ́n ń pè ní kúmínì, èyí tí mo ti ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì láì mọ̀ pé èèyàn ń jẹ ẹ́. Wàrà ló kẹ́yìn. Wọn a se mílíìkì, wọn a mú kí ó dì, wọn a dì í sínú aṣọ funfun, wọn a gbé ọmọ ọlọ lé e kí omi rẹ̀ lè gbẹ. Bí ó bá ti le, wọn a gé e wẹ́wẹ́ sínú ẹ̀fọ́ náà.

"Ẹ̀fọ́ tí kò ní epo, tí kò ní ẹja," ìyá mi a ní. "Ìyà ń jẹ àwọn èèyàn yìí." Síbẹ̀, ìyá mi náà ló máa ń fún mi ní abọ́ pé kí n gòkè lọ kí Màmá Ṣíílà.

Rẹ̀mí, tó wá di ìyàwó mi, ilé òdìkejì ni wọ́n ń gbé. Ìyá rẹ̀ ń ṣe ògì tà. Òun náà máa ń wà lókè lọ́jọ́ Sátidé. Èmi lọ jẹun, òun lọ wo bí wọ́n ṣe ń sè é. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé òun ló mọ̀ ọ́n sè nínú àwa méjèèjì, tó sì ń sè é fún mi títí tí irun wa fi funfun. Ó kú lọ́dún tó kọjá, nígbà òjò. Láti ìgbà náà, mo ń rántí ojú rẹ̀, mo ń rántí ohùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kan ń bà mí, pé ẹnu mi ti ń gbàgbé.

Ìdí tí mo fi wọ ilé ìdáná nìyẹn. Mo ra amúnútutù ní ọjà, mo ra mílíìkì lọ́wọ́ àwọn obìnrin Fúlàní lójú ọ̀nà Ọ̀bà-Ilé. Èyí àkọ́kọ́ ló jóná. Mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí èkejì, bí mo ṣe rántí pé Màmá Ṣíílà ń ṣe, ó sì dì. Mo sè é tán, mo tọ́ ọ wò. Ó dà bí ẹ̀rín àlejò: kò burú, ṣùgbọ́n kò mọ̀ mí.

Mo pe Bísóyè, àbúrò ìyàwó mi tó ṣì wà l'Óǹdó.

"Ọkọ mi, kí lẹ fi dì í?"

"Ọsàn wẹ́wẹ́, bíi ti Màmá Ṣíílà."

"Ọsàn wẹ́wẹ́ kẹ̀? Omi ògì ni. Omikan orí ògì ìyá wa. Àǹtí mi ló máa ń gbé e sọdá lọ fún wọn."

"Ìyàwó, mo rí ọsàn wẹ́wẹ́ lójú fèrèsé wọn."

"Wọ́n fi ń fọ irun ni." Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin tí ẹ kàn ń jẹun, kí lẹ mọ̀?"

Mo gbé fóònù sílẹ̀, ọkàn mi sì dàrú. Mo rí ọsàn náà kedere, mo rí kóró rẹ̀ tó léfòó lórí mílíìkì. Bísóyè ńkọ́? Ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló wà nígbà náà, ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ fún un ló ń sọ fún mi.

Ó wọkọ̀ wá lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú ike ògì kan. Kó tó padà, ó ní, "Ẹ máa pààrọ̀ omi rẹ̀ láràárọ̀ o. Bí ẹ bá gbàgbé, ó bàjẹ́ nìyẹn."

Mo da omikan náà sí mílíìkì gbígbóná. Kò dì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó rọra ń ya, bí ìkúukùu. Nígbà tí ooru rẹ̀ kàn mí nímú, mo nawọ́ mú aṣọ funfun tí màá fi sẹ́ ẹ. Mo sè é, mo sì jẹ ẹ́ láìjókòó. Òun ni. Kò sí àní-àní níbẹ̀, òun ni.

Ṣùgbọ́n ta ni "òun"? Ó ṣeé ṣe kí Màmá Ṣíílà fi ọsàn dì í lóòótọ́, kí ìyàwó mi sì fi omikan ìyá rẹ̀ rọ́pò rẹ̀ nílé wa, tí ó fi jẹ́ pé oúnjẹ Íńdíà tí mo ń yin láti ọjọ́ yìí, ti ilé òdìkejì ni. Mi ò mọ̀. Àwọn ará Íńdíà ti padà sílé tipẹ́, ilé bàbá mi ti di ṣọ́ọ̀bù, ẹni tí ǹ bá sì bi wà lábẹ́ ilẹ̀. Ohun tí mo rò pé mo mọ̀ nípa ìgbà èwe mi ti dín kù, adùn rẹ̀ nìkan ni kò dín.

Èmi kì í mu ògì láti kékeré. Síbẹ̀, bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, kí n tó kúnlẹ̀ gbàdúrà pàápàá, mo ti da omi àná kúrò lórí ògì inú ike náà, mo ti bu tuntun sí i.