Òkúta Tí Mo Ní Ó Ń Rìn

Òórùn ẹ̀gẹ́ tó ti kan ló máa ń kọ́kọ́ pàdé wa lọ́nà nígbà náà, kí a tó rí òrùlé ilé kankan. Ọ̀kadà ni mo ń gùn ní Ìjẹ̀bú-Òde. Akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin kan, ọmọ Èkìtì tó ń gbé ní Ijagun, ló háyà mi pé kí n máa gbé òun káàkiri àwọn abúlé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ibefun. Iṣẹ́ ìwé rẹ̀ ni kó wá àwọn nǹkan tó ṣàjèjì tí àwọn èèyàn fi pamọ́ sínú ilé wọn, kó ya fọ́tò wọn, kó sì kọ ohun tí onílé bá sọ nípa wọn sílẹ̀. Lójú tèmi, iṣẹ́ ọ̀lẹ ni. Mi ò mọ̀ pé èmi gan-an ni ọ̀lẹ tí iṣẹ́ náà máa tú àṣírí rẹ̀.

Mi ò lè gbàgbé àwọn nǹkan tí a rí. Bàbá kan gbé bàtà ẹsẹ̀ òsì kan ṣoṣo kọ́ sí ògiri pálọ̀ rẹ̀. Bàtà náà tóbi débi pé obì ló ń kó sínú rẹ̀. Bí àlejò bá jókòó, á ki ọwọ́ bọ bàtà, á fi obì lọ̀ ọ́. Ó ní ìgbà tí wọ́n ń la títì lòun rí i lẹ́bàá ọ̀nà, òun ṣì ń retí ẹni tó ni ín. Opó kan kan sítíárìn ọkọ̀ akẹ́rù tí ọkọ rẹ̀ ń wà nígbà ayé rẹ̀ mọ́ ara ògiri, kò sì sí ọmọ-ọmọ rẹ̀ kankan tó gbọ́dọ̀ jáde lọ síléèwé láìkọ́kọ́ yí i lẹ́ẹ̀kan. Ní ilé kan, aago tó ti kú tipẹ́ ni wọ́n ń nù láràárọ̀. Mo bi ìyàwó ilé pé kí ló dé. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Ṣé torí pé kò ṣiṣẹ́ mọ́ ni kó wá máa dọ̀tí?"

Nígbà tó yá, ibà dá akẹ́kọ̀ọ́ náà dùbúlẹ̀. Ó kó ìwé àti fóònù rẹ̀ lé mi lọ́wọ́ pé kí n bá òun lọ sí ilé tó kù, kí n sì tún gbogbo àkọsílẹ̀ náà kọ dáadáa. "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ohun tí wọ́n bá sọ gan-an ni kí ẹ kọ o." Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Ọdún mẹ́ta péré ni mo lò nílé ìwé girama, àyè sì wá ṣí sílẹ̀ fún mi láti fi hàn pé orí mi pé.

Ilé tó kù náà, ti ìyá àgbà kan tó ń yan gàrí ni. Òkúta dúdú ńlá kan ló ní, tó ń dán bí ìdí ìkòkò, òun ló fi ń tẹ àpò ẹ̀gẹ́ tó ti rin kí omi rẹ̀ lè ro dànù kó sì kan bí gàrí Ìjẹ̀bú ṣe ń kan. Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ibi tí òkúta náà ti wá fún mi, àmọ́ ìkọ́kọrẹ́ tó gbé síwájú mi ni ọkàn mi wà. Mo jẹun tán, mo ya fọ́tò, mo dúpẹ́, mo lọ.

Abẹ́ igi kajú kan ni mo jókòó sí tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé. Gbogbo ohun tí àwọn onílé sọ wá dà bíi pé kò ní iyọ̀. Mo bá bù ú sí i. Mo kọ ọ́ pé òmìrán kan tó ń gbé ẹsẹ̀ kan ní Ibefun kó tó gbé èkejì ní Ẹ̀pẹ́ ló já bàtà sílẹ̀. Mo ní tí opó yẹn bá yí sítíárìn, ilé rẹ̀ á kẹ̀yìn sí oòrùn. Mo ní aago náà máa ń lù tí àlejò bá ń bọ̀. Nígbà tí mo kan òkúta, ọwọ́ mi ti gbóná: mo ní tí Ìyá bá pè é lẹ́ẹ̀mẹta, á dìde nílẹ̀, á rìn, á sì gun orí àpò ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ náà kà á, ẹnu yà á. "Ṣé bí wọ́n ṣe sọ ọ́ nìyí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó gbé e sórí ìkànnì ayélujára pẹ̀lú àwọn fọ́tò náà, kò sì pẹ́ tí gbogbo èèyàn fi ń fi í ránṣẹ́ síra wọn.

Inú bàbá oníbàtà dùn ní tiẹ̀, kódà òun fúnra rẹ̀ ti ń fi kún ìtàn òmìrán náà. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kan tí mo gbé èrò kọjá níwájú ilé Ìyá, mo rí àwọn àpò gàrí tó tò títí dé ẹnu ọ̀nà, òun sì jókòó tì wọ́n, kò yan nǹkan kan. Àlàájà tó máa ń wá kó gbogbo gàrí rẹ̀ lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde kò wá mọ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníbàárà yòókù. Gàrí yẹn ló fi ń jẹun.

"Wọ́n ní òkúta mi ń rìn," ó sọ fún mi. "Láti ìgbà tí mo ti bí àkọ́bí mi la ti jọ wà, kò dìde ràn mí lọ́wọ́ rí. Ta ló wá rí i?"

Mo dọ̀bálẹ̀, mo jẹ́wọ́.

"Ìwọ tí o jẹ ìkọ́kọrẹ́ mi?"

"Èmi ni, mà."

Kò pariwo. Ó wé gèlè rẹ̀, ó gun ẹ̀yìn ọ̀kadà, ó ní kí n gbé òun lọ bá Àlàájà.

Níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo tún dọ̀bálẹ̀. "Astagifirulai!" ni Àlàájà wí. "Gàrí tó ní ṣìríkì nínú, gàrí ẹbọ, kí n gbé e fún oníbàárà?" Mo ní irọ́ ni, èmi ni mo pa á. Ó ní, "O pa irọ́ lánàá, kí n wá gbà ọ́ gbọ́ lónìí? Òkúta yẹn fúnra rẹ̀ ni màá lọ bi."

Ó wọ kẹ̀kẹ́ tẹ̀ lé wa. Kí a tó mọ̀, gbogbo abúlé ti pé sí àgbàlá Ìyá. Àlàájà nawọ́ sí mi. "Ó yá, bọ̀bọ́ akọ̀wé, pè é."

"Òkúta," mo pè é.

"Gbé ohùn sókè! Bóyá ó ń sùn."

"Òkúta! Dìde!"

"Fi ọ̀wọ̀ sí i," bàbá oníbàtà wí látẹ̀yìn. "Ó jù ọ́ lọ."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ dìde." Òkúta ò mira. Adìyẹ kan fò gun orí rẹ̀, ó yàgbẹ́ síbẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ yẹn, Àlàájà di ògiri mú kó má baà ṣubú.

Ó ní kí èmi náà wá gbé e gun àpò ẹ̀gẹ́ kan tó wà nílẹ̀. Mo fi gbogbo agbára mi gbé e, òkúta ò kúrò nílẹ̀. Ìyá tì mí sẹ́yìn. Ó gbé pákó kan ti àpò, ó fi orúnkún ti òkúta, ó rọra yí i gba orí pákó náà, ó sì dé orí àpò kí n tó mí. Omi ẹ̀gẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ro. Àlàájà bu gàrí díẹ̀ jẹ nínú àwọn àpò tó tò sílẹ̀, ó di ojú. "Ó ṣì kan dáadáa," ó wí, ó sì ní kí wọ́n máa kó àpò sínú kẹ̀kẹ́.

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, mo bẹ Ìyá kó tún sọ ibi tí òkúta ti wá. Ó ní òun àti ẹ̀gbọ́n òun obìnrin ló yí i láti etí odò, ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Wọ́n ń yí i, wọ́n ń jà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀gbọ́n náà sì ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé ọkọ kejì ni òun ń sìn wálé fún un. Ẹ̀gbọ́n náà ti kú. Mo lọ sọ ọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́, mo sọ òótọ́ nípa àwọn yòókù pẹ̀lú. Ó pa gbogbo irọ́ mi rẹ́, ó kọ ohun tí àwọn onílé sọ sípò rẹ̀. Kò pè mí mọ́ lẹ́yìn ìyẹn, mi ò sì bá a wí.

Mẹkáníìkì ni mí báyìí. Oníbàárà Ìyá méjì ò padà wá títí dòní, mo mọ̀ wọ́n, mo sì ti lọ bẹ̀ wọ́n. Nígbà mìíràn, ẹni tó ń dúró de ọ̀kadà rẹ̀ á fi òkúta tó ń rìn hàn mí lórí fóònù. Òkúta náà ti ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ìtàn wọn báyìí, wọ́n ní ó ń kí èèyàn pẹ̀lú. Mo máa ń sọ fún wọn pé èmi ni mo pa irọ́ náà. Àwọn kan á ní, "Ọ̀gá, ẹ̀rù òkúta náà ló ń bà yín." Mo máa wá sọ ti tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó ń yí òkúta láti odò. Ọ̀pọ̀ kì í gbọ́ ọ tán, wọ́n á ti padà sídìí fóònù wọn. Síbẹ̀, mo máa ń sọ ọ́ dé òpin, kí n tó tún mú irinṣẹ́ mi.