Ọkọ̀ Tí Àtẹ́lẹwọ́ Kò Fọwọ́ Kàn

Bí ẹ bá fẹ́ ta ẹ́ńjìnì àlòkù fún àbúrò mi, ẹ kò gbọdọ̀ tan án kó tó dé. Bó bá dé, kò ní í kí yín tán tí yóò fi gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ́ńjìnì náà lórí. Bó bá bá a pé ó ti lọ́wọ́ọ́wọ́, ó parí nìyẹn, yóò nu ọwọ́ rẹ̀, yóò sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ó ní ẹni tó bá ti tan ẹ́ńjìnì sílẹ̀ de oníbàárà ní nǹkan tó ń fi pa mọ́, torí òwúrọ̀ kùtù, nígbà tí gbogbo irin ṣì tutù, ni ẹ́ńjìnì tó ti bàjẹ́ máa ń sọ òótọ́. Ìdí nìyẹn tí gbogbo awakọ̀ tírélà fi ń pè é ní Àtẹ́lẹwọ́. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tó fi wà lábẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù, mi ò sì rí ẹni tó rẹ́ ẹ jẹ nídìí ẹ́ńjìnì rí.

Èmi ni mo ń ta páàtì ọkọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ìyá Páàtì ni àwọn oníbàárà ń pè mí. Ìyá kan náà ló bí wa, èmi ni mo pọ̀n ọ́n dàgbà, ẹnu mi sì mú ju abẹ lọ, mi ò ní í purọ́ fún yín. Àbúrò mi kì í bá mi jiyàn. "Àǹtí mi ti sọ̀rọ̀," á wí bẹ́ẹ̀, á rẹ́rìn-ín, á tún wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì wà nílé ọkọ lọ́nà jíjìn, nítorí náà ọ̀dọ̀ mi ló ti ń jẹun ọ̀sán, lórí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ káńtà. Níbẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ikọ́ náà.

Mo ní ikọ́ lásán ni. Ó ra oògùn, kò lọ. Ó di pé bó bá gun àtẹ̀gùn mẹ́ta, á dúró dìrọ̀ mọ́ ògiri. Nígbà tí mo fi tipátipá mú un lọ sí ọsibítù, dókítà gbé fọ́tò àyà rẹ̀ síwájú iná, kò sì fi ọ̀rọ̀ gún wa lára rárá, ó kàn sọ ọ́ bó ṣe rí. Ó ní, "Èéfín dísẹ́lì ti jẹ ẹ̀dọ̀fóró yín. Bẹ́ ẹ bá kúrò nídìí iṣẹ́ yẹn láàárín ọdún kan, ẹ ṣì máa pẹ́ láyé. Bẹ́ ẹ ò bá kúrò, kò sóògùn tí mo lè fún yín."

Àbúrò mi ò bẹ̀rù iṣẹ́ míì. Ó mọ ẹ̀rọ ìránṣọ tún ṣe, iṣẹ́ ìjókòó ni, kò sí èéfín ńbẹ̀. Ó ti rí yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, níwájú ilé ẹ̀kọ́, tí fèrèsé wà lọ́tùn-ún lósì rẹ̀ tí atẹ́gùn sì ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ó mú mi débẹ̀. Ó dúró láàárín yàrá náà, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Àǹtí, ẹ gbọ́, mi ò wúkọ́." Ṣùgbọ́n owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà ni onílé ń gbà, ìdajì rẹ̀ péré sì ni gbogbo ohun tí àbúrò mi ní.

Ìgbà yẹn gan-an ni rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo ilé iṣẹ́ tuntun kan tó ń ṣe tírélà tí kì í mu dísẹ́lì. Wọ́n ní òmíràn ń lo bátìrì, òmíràn ń lo háídírójìn, afẹ́fẹ́ kan tí wọ́n ń rọ sínú táǹkì, tó fi jẹ́ pé omi lásán ni sàlẹ́ńsà rẹ̀ ń tú jáde. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni lè fi fóònù ra ṣíà níbẹ̀, kó di ọ̀kan lára àwọn tó ni ilé iṣẹ́ náà, bí òkìkí wọn bá sì ń kàn, owó tí ṣíà náà tó á máa lọ sókè. Àbúrò mi gbé ṣíbí sílẹ̀. "Omi?" ó ní. "Sàlẹ́ńsà ń tú omi?" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ikọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ó bi mí pé níbo lèèyàn ti lè fọwọ́ kan ẹ́ńjìnì rẹ̀.

Oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n kéde pé ilé iṣẹ́ tuntun yìí ti bá ilé iṣẹ́ àtijọ́ kan wọ àdéhùn àjọṣe, èyí tó ti ń ṣe ọkọ̀ akẹ́rù láti ayé bàbá wa. Ẹ́ńjìnì wọn ni àbúrò mi fi gbogbo ayé rẹ̀ tún ṣe, ó mọ̀ wọ́n bí ẹní mowó. Ìgbà náà ni mo la ẹnu mi yìí. Mo ní, "Gbọ́. Bí ìdílé tó ní láárí bá fọmọ fún ẹnì kan, ṣé wọn ò ti wádìí onítọ̀hún ni? Àna tó rí jájẹ kì í jẹ́ kójú ti àna rẹ̀. Wọ́n ti bá ọ fọwọ́ kàn án."

"Àǹtí, ìwé àdéhùn kọ́ ni ẹ́ńjìnì."

"Ìwọ àti ẹ́ńjìnì. Títí wàá fi ráyè lọ fọwọ́ pa á lórí bí ọmọ tuntun, àwọn ọlọ́gbọ́n á ti rà á tán."

Àwọn awakọ̀ tó wà níwájú káńtà rẹ́rìn-ín, òun náà bá wọn rín in. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ló fi gbogbo owó yàrá rẹ̀ ra ṣíà. Èmi náà rà á, kí n má bàa dà bí ẹni tó tọ́ka ọ̀nà tí kò rìn ín.

Fún oṣù mẹ́rin, ẹnu mi ò dúró. Ilé iṣẹ́ akẹ́rù ńlá tí gáréèjì wọn wà létí ìlú tún bá wọn wọ àdéhùn, wọ́n ní igba ọkọ̀ làwọn máa rà, wọ́n á sì gbẹ́ ibi tí wọ́n á ti máa rọ háídírójìn. Ìròyìn yẹn jáde lówùúrọ̀, kó tó di ọ̀sán ohun tí a ní ti di ìlọ́po méjì. Owó yàrá ti pé. Àbúrò mi ní kí a dúró díẹ̀ sí i, pé wọ́n ní àdéhùn kẹta ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, pẹ̀lú àwọn elépo. Ó ní tí ìyẹn bá jáde, òun á ta tòun, òun á fi èyí tó bá lé ra irinṣẹ́. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ yẹn, lọ́sàn-án, ọ̀kan lára àwọn awakọ̀ ilé iṣẹ́ akẹ́rù ńlá yẹn wá ra fílítà. Mo bi í léèrè àwọn igba ọkọ̀ náà, mo fẹ́ gbọ́ ohun tó dùn. Ó ní, "Igba ọkọ̀ wo? Ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n gbé wá, orí ọkọ̀ míì ni wọ́n sì gbé e sí wá. Láti oṣù mẹ́ta, kí ìròyìn yẹn tó jáde pàápàá, ló ti wà lábẹ́ tapólì. Mi ò tíì rí ẹni tó tan án. Ológbò ti bímọ sí i." Mo ní ibi tí wọ́n fẹ́ gbẹ́ ńkọ́. Ó ní kò sẹ́ni tó ju ṣọ́bìrì kan síbẹ̀.

Bó ṣe kúrò, mo jókòó. Mo gbé fóònù, mo ta gbogbo ṣíà mi. Kò gbà mí ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Mo wo ìta, ẹsẹ̀ àbúrò mi ni mo rí lábẹ́ tírélà kan lódìkejì títì, bàtà rẹ̀ tó ti ya. Mo ní bó bá jáde, màá sọ fún un.

Ó dé lójú rọ̀lẹ́ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Onílé ti fún un kó lè lọ wọn ibi tí káńtà rẹ̀ máa wà, wọ́n jọ fẹnu kò pé owó á dé lópin ọ̀sẹ̀. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ náà lé ọwọ́ mi, inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń sọ̀rọ̀ láìwúkọ́. Ó ń sọ ibi tí tábìlì máa wà, ó ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni ìjókòó mi, pé mo gbọ́dọ̀ máa wá jẹun ọ̀sán lọ́dọ̀ òun náà. Ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n mi. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́? Èmi tí mo fi í ṣẹ̀sín lójú gbogbo awakọ̀. Ohun tó tún wà níbẹ̀, tí ojú ń tì mí láti sọ, ni pé bí mo bá ní kó tà á, tó sì tún lọ sókè lọ́jọ́ Ẹtì, èmi ni wọ́n máa fi rẹ́rìn-ín. Mi ò lè fara da kí wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Mo dá kọ́kọ́rọ́ náà padà fún un, mo ní ó kú oríire.

Lọ́jọ́rú, mo ní ó di ọ̀la. Lọ́jọ́bọ̀, ilé iṣẹ́ àtijọ́ yẹn kéde pé àwọn ti jáwọ́. Ó wá hàn sí gbogbo ayé pé wọn ò fi kọ́bọ̀ síbẹ̀ rí. Ilé iṣẹ́ tuntun náà ló fún wọn ní ṣíà lọ́fẹ̀ẹ́ nítorí orúkọ wọn, wọ́n sì ti rọra tà á nígbà tó wọ́n. Àna tí mo ń fọ́nnu lé lórí, ó wá jẹun ni, ó sì ti nu ẹnu lọ. Kó tó di ọjọ́ Ẹtì, ohun tó kù lọ́wọ́ àbúrò mi kò lè ra táyà ọkọ̀ kan.

Ó dá kọ́kọ́rọ́ padà fún onílé. Ó wá jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ẹ̀bẹ̀ ló wá bẹ̀ mí. "Àǹtí, ẹ má bínú. Èmi ni mo ní kẹ́ ẹ jẹ́ ká dúró dọjọ́ Ẹtì. Èmi ni mo jẹ́ kówó yín ṣègbé." Mo gbà á bẹ́ẹ̀. Mo mi orí bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀.

Láti ọ̀sẹ̀ yẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba iṣẹ́ kún iṣẹ́. Ẹ́ńjìnì tó ń tú èéfín dúdú tí àwọn mẹkáníìkì yòókù ń sá fún, òun ni wọ́n ń gbé e fún. Gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ló ń mú díẹ̀ wá fún mi nínú owó rẹ̀, ó ní kí n fi dí èyí tí mo pàdánù. Mo ní n kò gbà á, ó ní bí mi ò bá gbà á, oorun ò ní kun òun. Bí mo bá takú, á bi mí ìdí. Mo gbà á. Mo ń kó o sínú agolo kan náà tí owó tí mo rí lórí ṣíà wà. Nígbà tí mo ní kó jẹ́ kí n yá a lówó yàrá, ó wò mí tàánútàánú. Ó ní, "Ẹ̀yin tí òjò yìí pa pẹ̀lú mi?" Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, èmi sì ni àgbà tó wà lọ́jà. Mo ń jókòó sẹ́yìn káńtà, mo ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀ láti abẹ́ ọkọ̀, mo mọ̀ pé nítorí mi ló fi wà níbẹ̀.

Oṣù kẹta tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni kò lè dá dìde lábẹ́ tírélà kan. Wọ́n fà á jáde, wọ́n gbé e wá sórí bẹ́ǹṣì mi. Nígbà tó ku àwa méjì, mo gbé agolo náà síwájú rẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí awakọ̀ dórí ológbò. Mo sunkún. Kò dá mi dúró.

"Ọjọ́ wo lẹ tà á?"

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun."

"Kí n tó mú kọ́kọ́rọ́ wá ni, àbí lẹ́yìn tí mo lọ?"

"Kó o tó mú un wá."

Ó na ọwọ́ sínú agolo náà, ó ka èyí tó ti ń mú wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, iye rẹ̀ gẹ́lẹ́, ó fi tèmi sílẹ̀. Ó fọwọ́ ti káńtà dìde. Ní ọjọ́ kejì, ó gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mi kọjá, ó tẹríba díẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Ìyá Páàtì." Kò jẹun lọ́dọ̀ mi mọ́. Bẹ́ẹ̀ ló ń kí mi fún ọ̀sẹ̀ méje.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ keje, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, àwọn ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ránṣẹ́ sí ṣì wà lọ́nà. Mo sáré débẹ̀. Rọ́bà wà nímú rẹ̀, ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu ọ̀nà ní ẹbí aláìsàn nìkan ló lè wọlé, ó yíjú sí i, ó ní, "Bàbá, kí ni ìyá yìí jẹ́ sí yín?"

Ó wò mí. Ó ní, "Ọwọ́ wọn ni mo ti ń ra páàtì."

Nọ́ọ̀sì ní kí n máa dúró níta. Níta náà ni mo wà títí wọ́n fi wá sọ fún mi pé ó ti kú.