Àwo Dídán Tí Kò Fọhùn

Ìró kan ló jí ọ̀rọ̀ yìí nínú mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọmọ mi ki àwo fíìmù àtijọ́ kan bọ inú kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ó kùn títí, ó dákẹ́, ó tún kùn, kò sì gbé ohunkóhun jáde. Inú ń bí ọmọ náà. Ẹ̀rín ni èmi ń rín ní tèmi, nítorí mo ti gbọ́ irú ìkùn bẹ́ẹ̀ rí, ní Ọ̀wọ̀, lọ́dún tí ojú Ìyá àgbà ń ṣú lọ.

Ìyá àgbà ni ìyá tó bí ìyá mi. Abúlé Ìpele, lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, ló ti ń ṣe oko iṣu àti kòkó rẹ̀ láti ìgbà èwe. Ìgbà tí kò lè dá ọ̀nà oko mọ̀ mọ́ ni ìyá mi, tó jẹ́ tíṣà, lọ mú un wá sọ́dọ̀ wa. Dókítà ojú ti sọ pé èyí tó ti lọ nínú ìríran rẹ̀ kò ní padà, àti pé ìyókù náà ò ní pẹ́ lọ. Kò sunkún. Ohun kan ṣoṣo ló ń sọ. Àǹtí Bọ́sẹ̀, àbíkẹ́yìn rẹ̀, ti bí ọmọkùnrin kan sí Amẹ́ríkà, Ìyá àgbà sì fẹ́ rí ọmọ náà kí ilẹ̀ tó ṣú fún un pátápátá. Wọ́n ti fi fọ́tò ránṣẹ́. Ó gbé e súnmọ́ ojú bí ẹni tó fẹ́ gbóòórùn rẹ̀, ó ní, "Èyí jókòó sójú kan. Mo fẹ́ mọ bó ṣe ń rìn."

Bí wọ́n ṣe ya fíìmù ọmọ náà sínú àwo sídíì kan nìyẹn, tó sì dé nígbà ọyẹ́, nínú àpò ẹnì kan tó wálé ọdún. A kò tíì mọ ohun tí ẹ ń pè ní DVD nígbà náà. Kọ̀ǹpútà gan-an kò sí nílé wa. Ọ̀dọ̀ Bùrọ̀dá Músílíù, tó ń bá èèyàn tẹ ìwé nítòsí ọjà, ni a gbé e lọ. Aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì la wọ̀, àfi bí ẹni tó ń lọ pàdé àlejò. Iwájú pátápátá ni Ìyá àgbà jókòó sí, imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ojú ẹ̀rọ.

Ẹ̀rọ kùn. Ó dákẹ́. Ó wá kọ ọ́ síta pé kí a fi sídíì sínú òun.

"Ó ti wà nínú ẹ kẹ̀!" Bùrọ̀dá Músílíù ń bá ẹ̀rọ wí bí ẹni ń bá ọmọ alágídí wí.

Ó yọ àwo, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó tún ṣí i padà. Ó fi etí fìlà rẹ̀ nù ún. Ó pa ẹ̀rọ, ó tún un tàn. Ó fi sídíì orin tirẹ̀ sí i, orin jáde ketekete, a jẹ́ pé ara ẹ̀rọ le. Ó dá tiwa padà, ìkùn ni. Ẹnì kan tó wá tẹ ìwé ní iná jẹnẹrétọ̀ ni kò lágbára tó. Ẹlòmíràn ní eruku ọyẹ́ ni. Ẹnì kan tilẹ̀ ní ẹ̀rọ ilẹ̀ wa kò gbọ́ èdè àwo Amẹ́ríkà. Ìyá àgbà wá bi wá jẹ́jẹ́ pé, "Ṣé kì í ṣe pé ó rẹ̀ ẹ́ ni? Ọ̀nà ibẹ̀ mà jìn o."

Bùrọ̀dá Músílíù yọ àwo náà, ó fi í lé ìyá mi lọ́wọ́.

Ìyá mi lọ tẹ Àǹtí Bọ́sẹ̀ láago. Àǹtí ní ṣaka ni àwo náà ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn, pé ìṣojú òun ni ọkọ òun ti dán an wò kí àwọn tó dì í. Ọ̀rọ̀ wá dojú rú. Àwo ò ṣàìsàn, ẹ̀rọ ò ṣàìsàn, síbẹ̀ àwọn méjèèjì kò bára wọn sọ̀rọ̀. Ìyá mi, tí kì í wá ìdáhùn tì ní kíláàsì, á kàn máa wo àwo náà lórí tábìlì bí ẹni tí wọ́n pa àlọ́ tó le fún. Ìyá àgbà ní tirẹ̀ a máa gbé e jáde sínú oòrùn, a máa yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, nítorí dídán rẹ̀ wà lára ìwọ̀nba ohun tí ojú rẹ̀ ṣì lè mú. Nígbà tó yá, mo rí i pé kò gbé e jáde mọ́. Mo bi í léèrè. Ó ní òun kò rí i kó máa dán mọ́.

Ìgbà tí ìyá mi tún pè ni ọkọ Àǹtí gba fóònù, tó là á yé e pé irú àwo tí èèyàn lè pa ohun inú rẹ̀ rẹ́, kó sì tún nǹkan mìíràn kọ sí i ni, pé ẹ̀rọ tó ti pẹ́ kì í lè rí ohun tó wà lójú rẹ̀. Nígbà tí ìyá mi ròyìn èyí nílé, Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Àṣé ẹgbẹ́ ni èmi àti ẹ̀rọ yẹn!"

Akúrẹ́ la ti rí ẹ̀rọ tuntun. Bùrọ̀dá Músílíù ti ìsọ̀ rẹ̀ pa, ó bá wa lọ, ó ní àwo lásánlàsàn kò lè fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀rọ kùn díẹ̀, yàrá kan sì yọ: àga, kápẹ́ẹ̀tì, àti ọmọ kékeré kan tó di ẹsẹ̀ àga mú. Gbogbo wa hó yèè. Ìyá àgbà nìkan ni kò hó.

"Ṣé ó ti bẹ̀rẹ̀ ni?" ló bi wá.

Ìyá mi kúnlẹ̀ tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ó ti bẹ̀rẹ̀, Ìyá. Ọmọ ti fi àga sílẹ̀. Ó ń bọ̀."

"Báwo ló ṣe ń rìn?"

"Ó gbé apá méjèèjì sókè, bí ẹni tó ń la odò kọjá. Ó ti ṣubú. Ó ti dìde."

"Kò sunkún?"

"Kò sunkún."

Ìyá àgbà mi orí. "Ọmọ wa ni."

Ìgbà náà ni ohùn Àǹtí Bọ́sẹ̀ jáde, ní ọ̀rọ̀ Ọ̀wọ̀ pọ́ńbélé, tí mo fi Yorùbá gbogbo ayé kọ síbí kó lè yé yín: "Ìyá mi, ẹ kú ilé o. Ṣé àlàáfíà lẹ wà?"

Ìyá àgbà tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó sì dáhùn. Ó ní àlàáfíà ni, ó béèrè ọkọ, ó béèrè òtútù ibẹ̀. Kò tíì sọ̀rọ̀ dé ìdajì tí Àǹtí ti ń sọ òmíràn lé e lórí. Mo rò pé ẹnì kan yóò sọ fún un pé ẹ̀rọ kì í gbọ́ ohun tí èèyàn ń sọ. Bùrọ̀dá Músílíù kàn na ọwọ́. Ó dá àwo dúró. Nígbà tí Ìyá àgbà parí ìdáhùn àti àdúrà rẹ̀, Bùrọ̀dá jẹ́ kó máa lọ. Bí Àǹtí bá tún bi í ní nǹkan, á tún dá a dúró. Báyìí ni ìyá àti ọmọ ṣe sọ̀rọ̀ tán.

Lónìí, inú fóònù lẹ ti ń rí ojú ẹni tó wà lókè òkun, ẹ sì lè pa fóònù kí ẹni náà tó parí ọ̀rọ̀. N kò bá yín jà. Ìyá àgbà ti wọ ilẹ̀ sùn ní Ìpele. Ọmọ tó ṣubú tó dìde yẹn ti di ọ̀gbẹ́ni onírùngbọ̀n, kò sì gbọ́ ju ìkíni lọ nínú ọ̀rọ̀ Ọ̀wọ̀. Ṣùgbọ́n tó bá pè mí, ìkíni yẹn ló máa ń kọ́kọ́ sọ, ohùn ìyá rẹ̀ gẹ́lẹ́. Èmi náà a sì dá a lóhùn tán pátá, mo béèrè aya, mo béèrè ọmọ, mo béèrè òtútù, kí a tó jọ bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì.