Ìdajì Abọ́ Ọ̀gá Mi

"Kò sí màlúù ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ kan!" Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ alápatà ní Oko Ọba ló máa ń jágbe bẹ́ẹ̀ tá a bá gé apá kan dáadáa, tá a fi ìkejì ṣeré.

Lẹ́yìn tí rọpárọsẹ̀ kọlù wọ́n, ọwọ́ ọ̀tún abọ́ nìkan ni wọ́n ń jẹ. Dókítà ní ojú wọn ò fọ́. Àwọn fọ́nrán funfun inú ọpọlọ ló bàjẹ́, ọ̀gá mi ò wá mọ̀ pé apá òsì wà mọ́.

Síbẹ̀, ojú mi ni àkọ́bí wọn ṣe ń gbé abọ́ lọ: "Ẹ ò jẹ ẹ́ tán, ẹ tún ń pariwo ebi!"

Òmùgọ̀ ọmọ! Mo já abọ́ gbà, mo yí i kí oúnjẹ tó kù lápá òsì lè bọ́ sí ọ̀tún wọn.

"Ọlọ́hun á ṣàánú ẹ," ni ọ̀gá mi wí. "Ìwọ nìkan lo rántí bu oúnjẹ fún mi."